Kẹ̀kẹ́ oníná ò lè máa ṣájì ara ẹ̀ bó ṣe ń lọ

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi síbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná báyìí, básíkù tó ní bátìrì àti ẹ́ńjìnì, ẹnìkan á ṣáà béèrè pé ṣé kì í ṣájì ara ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gùn ún ni, ṣebí táyà ń yí, ṣebí yíyí náà ni jẹnẹrétọ̀ ń yí tó fi ń gbé iná jáde. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ẹni tó bá béèrè ẹ̀. Àwọn tí inú ń bí mi sí ni àwọn tó ń tà á, tí wọ́n mọ òótọ́, tí wọ́n á tún kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ó ń ṣájì ara ẹ̀, ẹni tí ò lówó lọ́wọ́ á wá kó gbogbo ohun tó tù jọ lé e lórí, ó ti gbà pé òun ò ní nílò ṣájà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Kí ló ń yí táyà yẹn gan-an? Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ẹ ò bá fẹsẹ̀ wà á, iná inú bátìrì ló ń yí i, kò sí nǹkan míì. Tẹ́ ẹ bá wá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ táyà iwájú pé kó máa dá iná padà, kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ńṣe ló máa di táyà yẹn mú, ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn á wá máa fi agbára kún agbára. Ká ní ìwọ̀n iná 100 ló jáde nínú bátìrì, bíi 80 ló máa dé ojú táyà torí ìyókù ti di ooru nínú ẹ́ńjìnì àti wáyà, jẹnẹrétọ̀ náà á tún jẹ tiẹ̀ nínú 80 yẹn, kó tó padà wọ bátìrì ó ti ku bíi 60, ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ò sì tíì kúrò lójú kan o, torí jẹnẹrétọ̀ nìkan ló gba gbogbo 80 ọ̀hún. Ó dà bí kéèyàn máa fi igbá jíjò bu omi nínú ìkòkò kó sì máa dà á padà sínú ìkòkò kan náà, kó wá ń retí pé ìkòkò máa kún. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ gan-an, àní ní 1775 ni ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì ti ìlú Paris ti sọ pé àwọn ò ní yẹ ẹ̀rọ kankan wò mọ́ tí wọ́n bá ti ní ó lè máa yí ara ẹ̀ títí láé.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ mọ̀ ọ́n, kó wá kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà láàárín táyà ẹ̀yìn, irú èyí tó tóbi rogodo tí kò ní gíà nínú, kó pa iná ẹ̀, kó yọ wáyà mẹ́ta tó nípọn kúrò lára kóńtírólà, ìyẹn àpótí tó ń darí iná lọ sí ẹ́ńjìnì, kó gbé táyà kúrò nílẹ̀ kó wá fọwọ́ yí i. Á yí, ó kàn máa mọ̀ ọ́n lára pé àwọn òòfà inú ẹ̀ ń fà á díẹ̀díẹ̀. Kó wá fi ẹnu wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan ara wọn kó tún un yí. Ó máa le kankan, bí ìgbà tí ẹnìkan di bíréèkì mú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan bíréèkì, iná ló ń jáde nínú wáyà bàbà yẹn, líle tó le yẹn sì ni iye tí èèyàn ń san fún iná ọ̀hún, apá yín ló ń san án. Bí mo bá ti fi èyí han èèyàn, kì í bá mi jiyàn mọ́.

Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òótọ́, òun sì ni wọ́n ń fi tanni jẹ. Tẹ́ ẹ bá ń sáré tẹ́ ẹ wá fẹ́ dúró, tàbí tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, agbára kan ti wà nínú eré yẹn tó jẹ́ pé bíréèkì lásán á kàn sọ ọ́ di ooru dànù. Nígbà yẹn ẹ́ńjìnì lè di jẹnẹrétọ̀, kó di táyà mú kí kẹ̀kẹ́ lè rọra dúró, kó sì dá díẹ̀ padà sínú bátìrì. Èyí dáa, mo fara mọ́ ọn, ó tún máa ń jẹ́ kí bíréèkì pẹ́ kó tó jẹ tán. Ṣùgbọ́n mélòó ni? Èèyàn àti kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ kílò 100 lápapọ̀, tó ń sáré kìlómítà 25 ní wákàtí kan, gbogbo agbára tó wà nínú eré yẹn ò ju 0.67 Wh lọ. Wh ni wọ́ọ̀tì-wákàtí, ìwọ̀n iná tí ẹ máa ń rí tí wọ́n kọ sára bátìrì. Tí ìdajì ẹ̀ bá padà wọlé, iná tó lè gbé e rìn bíi mítà 30 nìyẹn. Bátìrì tó wọ́pọ̀ sì ń gbà tó 500 Wh, ìyẹn ni pé ó máa dúró tó bíi ìgbà 1,500 kó tó kún, gbogbo ìgbà tó bá sì tún gbéra, bátìrì yẹn náà ló tún máa fà á.

Ọkọ̀ oníná ló ń dà wọ́n lójú rú. Ọkọ̀ tó jẹ́ kílò 1,500 tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ní agbára bíi 160 Wh nínú eré ẹ̀, ẹ ò rí i pé ìyẹn tó nǹkan tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà. Básíkù fúyẹ́, kì í sì í sáré tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gbá ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ láyà ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ bá sì ti gbà, ó ti lọ nìyẹn. Ibi òkè ló ti ń sàn díẹ̀: kílò 100 tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga ní mítà 100 ní agbára bíi 27 Wh, tí ìdajì bá bọ́ sínú bátìrì, ó dáa gan-an. Àwọn tó ń gùn ún nílùú tó ní òkè, iye tí wọ́n sábà máa ń rí gbà padà jẹ́ ìdá 5 sí 10 nínú 100. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣájì bátìrì kún fọ́fọ́ lórí òkè kẹ́ ẹ tó gbéra, kò ní gba nǹkan kan, torí kò sí àyè nínú ẹ̀ mọ́, bíréèkì ọwọ́ lẹ máa lò títí dé ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Èyí tó wá ń dùn mí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníná tó wà lọ́jà ò tiẹ̀ lè ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn. Èyí tó ní ẹ́ńjìnì kékeré tó ní gíà nínú táyà, àti èyí tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà níbi pẹ́dàlì, wọ́n ní ohun kan nínú tó ń jẹ́ kí táyà máa yí lọ fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ṣíwọ́ pẹ́dàlì, ẹ́ńjìnì á dúró jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì tí kò yí ò lè gbé iná jáde láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, tí ẹ́ńjìnì bá wà nínú táyà, ẹ pa iná ẹ̀, ẹ yí táyà yẹn síwájú, ẹ tún yí i sẹ́yìn. Tó bá yí fàlàlà síwájú tó wá ń le sẹ́yìn, onígíà ni, ẹni tó bá ní òun yẹn ń ṣájì ara ẹ̀ ń purọ́ fún yín.

Àwọn kan á ní ká wa pẹ́dàlì kó máa fi ẹsẹ̀ wa ṣájì. Ó ṣeé ṣe, ní 2021 ilé iṣẹ́ Schaeffler ní Jámánì gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Free Drive, kò ní ṣéènì rárá, pẹ́dàlì ń yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná lọ fún ẹ́ńjìnì. Àmọ́ èèyàn bíi tèmi tìẹ ò lè fi ẹsẹ̀ mú ju bíi wọ́ọ̀tì 100 jáde fún wákàtí kan gbáko, kó tó wọ bátìrì ó lè ku 70. Ẹ máa jókòó lójú kan wà á fún bíi wákàtí méje kí bátìrì 500 Wh tó kún. Dínámò kékeré tí wọ́n fi ń tan iná iwájú básíkù ńkọ́? Wọ́ọ̀tì 3 péré ni, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ fi ìyẹn dá ara yín láàmú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Ọ̀gá Olóòtú: tí wọ́n bá gbé ìpolówó kẹ̀kẹ́ oníná wá bá yín pẹ̀lú gbólóhùn yẹn, ẹ bi wọ́n pé irú ẹ́ńjìnì wo ló wà nínú ẹ̀ àti pé ìdá mélòó ló ń dá padà, lórí irú ọ̀nà wo. Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ ní kí wọ́n yọ gbólóhùn ọ̀hún kúrò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi òǹkàwé yín tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.