Òkúta Gílígálì àti Mẹ́dà Ìyá Wa

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni ìdílé kan nínú ìjọ yìí yóò dúpẹ́ ọdún kan tí ìyá wọn ti sùn nínú Olúwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Àwọn àgbà mọ̀ pé ó sá eré ìje fún Western State, ìpínlẹ̀ wa àtijọ́, nígbà èwe rẹ̀, ó sì gba mẹ́dà. Àwọn ọmọ bèèrè bí wọn yóò ṣe ṣe ìrántí náà tí kò fi ní parí sórí aṣọ ẹbí àti oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n ka Jóṣúà orí 4.

Nígbà tí Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, òkúta 12 ni wọ́n tò sí Gílígálì. Àṣẹ náà kò parí síbẹ̀: bí ọmọ bá bèèrè ohun tí òkúta wọ̀nyí túmọ̀ sí, kí bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. Mẹ́dà tó wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀ ti di òkúta lásán.

Torí náà, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta: mẹ́dà, ife ẹ̀yẹ, ìwé ẹ̀rí, fọ́tò, bàtà eré ìje. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí bébà pélébé tí ẹ ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn. Etí mẹ́dà ni kí ẹ máa dì mú, nítorí òógùn ọwọ́ ń sọ irin di dúdú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí Brasso fọ̀ ọ́ kó lè dán fún ọjọ́ ìdúpẹ́. Ibí gan-an ni ìdílé púpọ̀ ti ń bà á jẹ́. Mẹ́dà wúrà Òlíńpíìkì pàápàá, fàdákà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wúrà bíi gíráàmù 6 ni wọ́n fi bò ó. Ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìpínlẹ̀ tún fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi agbára nù ún, awọ rẹ̀ á bó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ á sì pa rẹ́. Aṣọ òwú gbígbẹ tó rọ̀ ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú funfun tí a ti fọ̀ wé e. Nílọ́ọ̀nù máa ń há ọ̀rinrin mọ́ inú, a sì mọ bí òjò Ìbàdàn ṣe rí. Ní ti fọ́tò, ẹ má gbé e lọ fún laminéṣọ̀n: iná ẹ̀rọ á lẹ ike mọ́ ọn, kò sì ní ṣeé bó mọ́. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Bírò máa ń yọ síwájú.

Mẹ́dà mìíràn kì í sọ irú eré tó jẹ́. Ìlú àti ọdún nìkan ló wà lára rẹ̀. Ní Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, Falilat Ogunkoya, eléré ìje ọmọ Nàìjíríà, gba méjì: idẹ fún 400 mítà, ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, àti fàdákà fún rílè 4x400, eré tí ẹni mẹ́rin ń gbé ọ̀pá fún ara wọn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ti rílè jẹ́ ti Bisi Afolabi, Fatima Yusuf àti Charity Opara pẹ̀lú. Ẹni tó bá ka mẹ́dà rílè tí kò dárúkọ àwọn mẹ́ta yòókù ti jẹ wọ́n ní gbèsè ọlá, ẹ̀rí-ọkàn Kristẹni kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo yáàdì àti mítà dáadáa. Títí di 1966, yáàdì ni wọ́n fi ń díwọ̀n eré ìje ní ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì. 100 yáàdì jẹ́ mítà 91.44, nítorí náà àáyá rẹ̀ kò ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 100 mítà. Ìwé ẹ̀rí tó sọ Liberty Stadium, pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà ní Òkè-Àdó yìí ló ń sọ; 2010 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà.

Bí ẹ bá ń bi àwọn tó bá a sáré léèrè, ẹ má sọ pé, "Ẹ sọ bí màmá ṣe rí." Wọn á kàn yìn ín. Ẹ gbé fọ́tò síwájú wọn: ta ni ó wà lápá òsì? Ta ni ó gbé ọ̀pá fún un? Ta ni ó gba ipò kejì? Ẹ bi ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí ọdún bá ti ta kora, ẹ lọ sí National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ wá ìwé ìròyìn Tribune àti Daily Sketch àtijọ́. Ẹ mú oṣù àti ọdún lọ́wọ́. Láìsí i, odindi ọjọ́ lè lọ lórí ìwé kan.

Ẹ wo Wilma Rudolph, eléré ìje ará Amẹ́ríkà, ìyá ọmọ mẹ́rin, tó kú ní 1994. Rọpárọsẹ̀ mú un ní kékeré, irin ni wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró. Ní Òlíńpíìkì Róòmù ní 1960, ó gba wúrà mẹ́ta. Àáyá 11.0 ló fi sá 100 mítà, síbẹ̀ wọn kò gbà á gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù láyé, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn kọjá mítà 2 ní àáyá kan. A mọ èyí. A tún mọ̀ pé ìyá rẹ̀ máa ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nashville fún ìtọ́jú, àti pé ará ilé ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́. Wọ́n kọ ìtàn bọ́ọ̀sì náà sínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ iye àáyá rẹ̀.

Nítorí náà, ìyá tó tọ́ ọmọ yẹ fún ìdíwọ̀n kan náà. "Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀" kò tó. Aago mélòó ló ń jí? Orin wo ló fi ń jí ilé fún àdúrà? Owó ilé ẹ̀kọ́ ta ni ó san tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀? Kí ni oríkì rẹ̀, títí dé ìdílé bàbá rẹ̀? Ẹ tètè gba oríkì náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn yẹn sílẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń ki oríkì kò ṣeé kọ tán sórí bébà.

Ní ọjọ́ náà, ìtàn ìgbésí ayé kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Orúkọ àti oyè àwọn ọmọ, ẹ fi wọ́n sínú ìwé ètò ìsìn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kejì, àwọn ọmọ-ọmọ yóò gbé mẹ́dà kọ̀ọ̀kan wá síwájú, ìjọ yóò bèèrè pé, "Kí ni èyí túmọ̀ sí?" Ọmọ náà yóò dáhùn ní gbólóhùn méjì: eré wo, ọdún wo, pẹ̀lú ta ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá a sáré, ìlà àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún ni ìjókòó yín. Bí ọmọ bá ṣì orúkọ yín pè, ẹ dìde, kí ẹ tún un ṣe fún un.