Ìdẹ onígi kì í ṣe ohun ìṣeré

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Káfíńtà ni mí ní New Bussa, lẹ́bàá adágún Kainji. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pe ìdẹ tí a fi igi gbẹ́ bí ẹja kékeré, láti fi pẹja, ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Giwan ruwa, ẹja ràbàtà tó ń gbé ẹja kéékèèké mì, ni mo ń gbẹ́ ẹ fún. Igi arère ni mo ń lò, torí ó fúyẹ́, ọ̀bẹ sì ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Mo máa ń la ikùn ìdẹ náà, mà á tẹ́ waya irin sínú rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù, kí ìwọ̀ má bàa já bí igi bá fọ́. Òjé díẹ̀ sábẹ́ ikùn, kó má bàa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ahọ́n pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Ike ni mo ń gé fún un. Bí ahọ́n bá gùn, tó nà síwájú, ìdẹ yóò rì jìn bí a bá ń fa okùn. Bó bá kúrú, tó dojú kọlẹ̀, kò ní jìn, ṣùgbọ́n yóò máa jùdí bí oníjó. Ti àwọ̀ tí àwọn èèyàn ń jà lé lórí, èmi ò kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Ijó yẹn ló ń fa ẹja.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará wa ní Àbújá tó ń ra ti òkèèrè lówó gọbọi: ẹ yẹ ìwọ̀ abẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá tín-ín-rín, giwan ruwa á nà án gbọnrangandan.

Èmi ni,
Káfíńtà kan, New Bussa, Ìpínlẹ̀ Niger