Ẹ̀sùn Lórí Bíléńdà Tí Kò Lè Lọ Ewùrà

Mọ́lípà,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sì kú àìgbé fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe nọ́ńbà tó wà lára páálí yín kí ẹnì kan tó dá mi lóhùn, ẹ̀rín ni onítọ̀hún sì fi dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í rẹ́rìn-ín síni, owó ìpè kì í sì í tán lórí rẹ̀.

Bíléńdà yín ni mo rà ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. ₦38,500 ni mo san, fọ́tò rìsíìtì rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù ló kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí bíléńdà. Ọmọ wa obìnrin bímọ sí Ìbàdàn, ìyàwó mi lọ bá a wẹ ọmọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí èmi nìkan wà nílé. Ọbẹ̀ tó sè sínú fíríìsà kó tó lọ, mo ti jẹ ẹ́ kan ìsàlẹ̀ ike. Ni ìkọ́kọrẹ́ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí jẹ, kò sì sí ẹni tí n ó sọ fún. Bí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí kò bá mọ ìkọ́kọrẹ́, kó bi ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá wà nítòsí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ti lówó, a kì í wá ọmọ Ìjẹ̀bú tì níbẹ̀.

Ewùrà la fi ń sè é, rírin ni a sì ń rin ín, lára páànù oníhò tí wọ́n kàn mọ́ pátákó. Èyí tí ìyá ìyàwó mi lò ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa. Ṣùgbọ́n ewùrà tútù a máa yúnni. Ó lẹ́ni tí kò ṣe nǹkan kan lára rẹ̀. Tèmi, bí omi rẹ̀ bá ti kan ọrùn ọwọ́ mi báyìí, họ́ra-họ́ra ni, bí ajá eléégbọn. Mo ti ra ewùrà ní Òkè-Ajé kí n tó rántí ìyẹn. Bí mo ṣe gba ìdí bíléńdà lọ nìyẹn.

Èyí tó kéré ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rà. Àwòrán ara páálí tiyín ló fà mí. Tòmátì wà níbẹ̀, ata rodo wà níbẹ̀, àlùbọ́sà, àgbàdo, àti iṣu tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Iṣu, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé agbára rẹ̀ jẹ́ 1500W.

Mo bó ewùrà, mo fọ̀ ọ́, mo gé e wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe gé e nínú àwòrán yín. N kò kó o kún ife rẹ̀ dé ẹnu, ìdajì ni mo kó sí i. Mo dé ọmọrí, mo tẹ 1. Ó yí díẹ̀. Mo tẹ 2. Ó dún bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó èrò gun òkè, ó wá dúró. Kò dákẹ́ o. Ó ń kùn lábẹ́lẹ̀, hùùù, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ewùrà ti wé mọ́ abẹ ní gbogbo ọ̀nà.

Ibi tí mo ti jẹ̀bi nìyí, n kò sì ní í fi pamọ́: n kò pa iná rẹ̀. Mo ṣí ọmọrí, mo ti ọmọ orógùn bọ inú rẹ̀ kí n lè já ewùrà náà kúrò lára abẹ. Ó já lóòótọ́. Abẹ gbá orógùn, ewùrà gbéra ńlẹ̀. Ó dé àjà. Ó dé ojú aago. Ó dé ara fọ́tò ìgbéyàwó wa tó wà lórí fíríìjì, ojú tèmi nìkan ló bà sí, kò kan ìyàwó mi rárá. Èyí tó kù bọ́ sí mi lọ́rùn, ó gba inú ẹ̀wù ṣàn lọ sẹ́yìn. Fún odidi wákàtí kan, ara férémù ilẹ̀kùn ni mo ti ń fi ẹ̀yìn ha nǹkan bíi màlúù. Epo pupa ni mo padà fi pa á kó tó rọlẹ̀.

Ìyẹn, tèmi ni. N kò béèrè owó ọ̀dà àjà lọ́wọ́ yín. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní fisíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Tíṣà tó bá gbàgbé ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ni, kó lọ nu àjà rẹ̀.

Tiyín ló kù. Mo yọ wáyà kúrò lára iná, mo nu ohun gbogbo gbẹ, mo dín ewùrà inú rẹ̀ kù sí ẹ̀kúnwọ́ kan péré. Mo dé e dáadáa, mo dá wáyà rẹ̀ padà sí iná, mo fọwọ́ tẹ ọmọrí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tẹ 1. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí òórùn wáyà tó ń jó fi gba ilé ìdáná. Èéfín funfun kan tín-ín-rín yọ lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà kò yí mọ́, ì báà ṣe omi lásán ni mo bù sí i.

Mo yí ìdí rẹ̀ sókè. Sítíkà kan wà níbẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dígí mìíràn lé orí dígí ojú mi kí n tó lè kà á: 220–240V, 50Hz, 350W. Mo tún un kà. Mo gbé páálí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 1500W lójú páálí, 350W ní ìdí ẹ̀rọ. Mo ní bóyá ẹni tó lẹ sítíkà ló ṣì í lẹ̀, ni mo bá fi sukudiráfà tú orí wáyà rẹ̀. Fúùsì 3A ló wà nínú rẹ̀. Iná ilé, nígbà tó bá wà tó sì pé, 230V ni. Ẹ fi 3 sọ 230 di púpọ̀, 690W lẹ ó rí, ìwọ̀n tí fúùsì yẹn lè gbà nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ 1500W yóò máa fa iná tó lé ní 6A, fúùsì yẹn kò sì ní í pẹ́ jó. Fúùsì yín kò jó, ó wà pérépéré, mo ti dán an wò lára nǹkan mìíràn. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé 350W lòun ṣe. Ẹni tó ya páálí ni mo fẹ́ mọ ohun tó rí.

Ohun tó pa ẹ̀rọ náà kò fara sin. Bí nǹkan tó ki bá dá abẹ dúró tí iná kò sì dúró, iná tó ń wọ inú rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni, wáyà tí wọ́n ká sínú á gbóná títí á fi jó. Ẹ̀rọ mìíràn a máa ní ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóná jù. Bí tiyín bá ní in, sùn ló sùn lọ́jọ́ náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ọmọkùnrin tó gbé ìpè mi kọ́kọ́ mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, "ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì", títí mo fi dárúkọ ewùrà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín gbé e. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ bu omi sí i?" Mo ní n kò bu omi. Ó ní àṣìlò nìyẹn, wáráńtì ọdún kan kò sì kan àṣìlò.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń bu omi sí ewùrà ìkọ́kọrẹ́? Ewùrà fúnra rẹ̀ lómi nínú ju iṣu lọ. Kíki la fẹ́ kó ki, kó lè jẹ́ pé bí a bá ń fọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò tí ata, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ ti ń hó, yóò ṣù síbẹ̀. A ó dé e, a kò ní í rò ó títí yóò fi dì, ká tó wá fi orógùn yí i díẹ̀. Èyí tó bá lómi, ẹ̀kọ mímu lẹ fi ń ṣe. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ kúkú jẹ́ kí Mọ́mì bá yín sè é bí wọ́n bá dé, sà."

Gbólóhùn yẹn dùn mí ju owó lọ. Ẹ má lé e lẹ́nu iṣẹ́ o, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé ìlò tó wà nínú páálí láti òkè délẹ̀, èdè Ṣáínà lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì. Wọ́n ní ká má bu omi gbígbóná sí i, ká má sì jẹ́ kó yí ju ìṣẹ́jú 1 lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò ní ká má lọ iṣu. Wọn kò sì ní omi pọn dandan.

Ó tún ní kí n gbé e wá sí Ìkẹjà, kí n sì san owó àyẹ̀wò. Láti Ìjẹ̀bú-Òde! Mo gba Sàgámù ni o, mo gba Ẹ̀pẹ́ ni o, ọjọ́ kan ti bá a lọ. Oníṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀ kàn nawọ́ sí pátákó tó gbé kọ́ ògiri: ọjà tí a bá ti rà, kò sí dídá a padà.

(Ewùrà tó kù, páànù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo padà fi rin ín. Mo so ọ̀rá mọ́ ọwọ́ méjèèjì bíi dókítà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá kí n tó fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.)

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, kò mọ pátákó bẹ́ẹ̀ rí. Ọjà tí kò bá ṣe ohun tí wọ́n tà á fún, oníbàárà lè dá a padà. Ó sì lè gba owó rẹ̀.

Owó ni mo fẹ́. N kò fẹ́ òmíràn, nítorí páálí kan náà ni yóò gbé e wá. Ẹ san ₦38,500 sínú àkáǹtì tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí, kí ẹ sì rán ẹni tí yóò wá gbé ẹ̀rọ yín. Ó ti wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú fúùsì rẹ̀, mo ti fi sẹ́lótéèpù dì í. Mo fún yín ní ọjọ́ 14. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, lẹ́tà yìí àti fọ́tò sítíkà ìdí rẹ̀ yóò lọ bá FCCPC. Nípa ti páálí náà, ẹ kọ 350W sí i, kí ẹ yọ iṣu kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń bọ̀ lè wá lọ́jọ́ tó bá wù ú, àfi ọ̀sán Jímọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pè, nọ́ńbà tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí ni kí ẹ pè. Ẹ má pe ti ara káàdì wáráńtì. Fóònù mi ti kú lọ́jọ́ tí mo ra bíléńdà náà, nọ́ńbà ìyàwó mi ni mo kọ síbẹ̀. Sátidé ló ń bọ̀, n kò sì tíì sọ fún un. Mo ti kun àjà náà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ibi tí mo kùn ń tàn ju ibi tó kù lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà fẹ̀yìntì, Mọ́lípà.