Omi Elẹ́yẹlé ń dùn mí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Apẹja ni bàbá mi ní adágún omi Elẹ́yẹlé, ní Ìbàdàn níbí. Ìdí àwọ̀n àti ìwọ̀ ni mo dàgbà sí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi mú mi lọ pẹja trout ní odò orí òkè kan ní Scotland.

Níbi tí a lọ, wọn kì í lo ekòló. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ kékeré, títí tó fi jọ kòkòrò gẹ́lẹ́. Ìwọ̀ náà fúyẹ́ púpọ̀, okùn tó nípọn ló ń gbé e fò. Trout a máa kọjú síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí oúnjẹ lè wá bá a. Ẹ̀yìn rẹ̀ lèèyàn ń gbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹyọ kan ni mo mú. Àmì pupa wà lára rẹ̀, òrùka funfun yí wọn ká. Ọmọ mi ní kí n kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọmi kí n tó dì í mú, kí ara rẹ̀ má bàa bó. A sì dá a padà.

Omi yẹn ló mú mi kọ̀wé. Mò ń rí òkúta ìsàlẹ̀ odò! Trout kì í gbé inú omi gbígbóná tàbí omi ẹlẹ́gbin. Elẹ́yẹlé wa tí wọ́n sé lọ́dún 1942 ńkọ́? Koríko ti bo ojú rẹ̀, ike àti ọ̀rá ń bá odò Ọ̀nà wọlé. Àwọn apẹja ń fi ọ̀pá ya koríko kí ọkọ̀ wọn tó kọjá. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kó koríko àti ìdọ̀tí náà kúrò kí òjò tó dé.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ apẹja, Elẹ́yẹlé, Ìbàdàn