Sí Àjàní, ọmọ mi tó ń ja ìjàkadì ní Amẹ́ríkà

Àjàní ọmọ mi,

Mo délé láyọ̀. Ẹrù mi pé, àfi bàtà tí o rà fún mi tó ń há mi lẹ́sẹ̀ láti Newark títí dé Ọ̀ffà. Bá mi sọ fún Ṣadé ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó má tíì fi omi gbígbóná sílẹ̀ o, ọjọ́ ogójì ọmọ ò túmọ̀ sí pé ara ìyá ti le.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé wọ bàálù, tí mo tún gbé sọ̀kalẹ̀, torí mi ò fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Èmi náà kọ́ ni mò ń fi òrí pa ọ́ lára, tí mò ń kì ọ́ ní ọmọ Ọlálọmí, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, tí o sì ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde báyìí? Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, nígbà ayé Power Mike àti Power Uti, àwọn oníjàkadì wa, ẹni tó bá gba iwájú tẹlifíṣàn rẹ̀ kọjá dáràn. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n rántí ìdí tí o fi ń jẹ́ Àjàní. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi jà kí n tó ní ọ. Ọ̀rọ̀ ara rẹ kì í ṣe tìẹ nìkan.

Kí o tó mú mi lọ wòran lọ́jọ́ yẹn, èmi náà wà lára àwọn tó ń pè é ní ẹ̀tàn. Mo ní ṣebí wọ́n ti mọ ẹni tó máa wólẹ̀ kí wọ́n tó gòkè. A débẹ̀ ní ọ̀sán, mo rí i tí ẹ̀yin márùn-ún ń kó irin pèpéle ìjà látinú ọkọ̀, tí ẹ to pákó lé e, tí ẹ tẹ́ fóòmù tí kò nípọn tó ìka mi, tí ẹ wá fi aṣọ bò ó. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo lọ fi ọwọ́ kàn án: kó, kó, kó. Pákó ni. Ilẹ̀kùn ilé wa dẹ̀ jù ú lọ.

Wọ́n fi ọ́ ṣe ìkà nínú eré náà, gbogbo èrò sì ń bú ọ. Ìyá arúgbó onífìlà yẹn ni mo fẹ́ bá fà á. Ṣadé ló di aṣọ mi mú. O wò mí látòkè, o ṣẹ́jú sí mi, mo wá jókòó.

Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin onírun pupa yẹn gbé ọ. O ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣubú hàn mí ní pálọ̀ Ṣadé: àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ̀yìn gbalaja, apá méjèèjì nínà, èémí jáde. Ti ọjọ́ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ ló kọ́kọ́ kan pákó. Èrò hó yèè. O dìde, gbogbo wọn rí i pé o dìde. Èmi rí ọwọ́ rẹ tó ń wá okùn. O nà án lẹ́ẹ̀kíní, kò ba nǹkan kan. O tún nà án kó tó dì í mú. Nígbà tí a wà nínú ọkọ̀, tí Ṣadé ń wà wá lọ, o ní, “Màámi, ẹ ti jẹun?” Mo ní mo ti jẹ ọ̀dùnkún. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún: “Màámi, ẹ ti jẹun?” Ṣadé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa lójú títì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, o tún lọ jà.

Egungun tó bá kán á wú, á ro ọ́, á sì dá ọ jókòó. Ọpọlọ tó bá mì ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Á jẹ́ kí o rìn, kí o ṣàwàdà, kí o wa ọkọ̀. Ohun tí à ń bẹ̀rù ni ìkejì tó bá dé kí àkọ́kọ́ tó san. Bryan Danielson tí o lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, ṣebí ọ̀nà tí ìwọ ń tọ̀ yìí ló gbà? Ó wà nínú àwọn tó jà lọ́jọ́ tí Ring of Honor, ilé iṣẹ́ ìjàkadì kan, kọ́kọ́ gbé eré jáde ní Philadelphia ní 2002. Orí tó ń mì léraléra ló jẹ́ kó kéde ní oṣù kejì 2016 pé òun ti ṣíwọ́, títí di 2018 tí àwọn dókítà tó yọ̀ǹda rẹ̀ kó padà jà. Ní New Jersey yín níbẹ̀ náà, ní oṣù kẹjọ 1997, Owen Hart gbé Steve Austin dojú délẹ̀, ó sì jókòó lé ilẹ̀ nígbà tí orí Austin ti yọ sísàlẹ̀. Ilé ìjàkadì ni wọ́n bí Owen sí o, bàbá rẹ̀ ń kọ́ ènìyàn nínú ilé wọn ní Calgary. Síbẹ̀ ọrùn Austin bàjẹ́, kò lè gbéra fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ọdún 38 ló sì wà tó fi fẹ̀yìn tì.

Èyí tí mò ń pè ní ẹ̀tàn yẹn, mo ti wá rí i pé òun gan-an ni ààbò rẹ. Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ò lè sọ fún ẹni tó ń bá a jà pé kó má gbá òun lórí. Ìwọ lè sọ ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń jókòó pinnu ohun tí ẹ máa ṣe. Níbẹ̀ ni kí o ti sọ pé, “Èmi ò gba ti orí.” Bí ó bá ní ojo ni ọ́, jẹ́ ojo. Bí orí bá sì kan pákó bí ti ọjọ́ yẹn, sọ fún rẹfirí kí ẹ parí rẹ̀ kíákíá. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà iṣẹ́ yín ń fẹ́ kí ọmọdé bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, kó kó irin, kó má gbó wọn lẹ́nu. Ṣe gbogbo ìyẹn, inú mi dùn sí i. Ọrùn ò sí nínú ohun tí à ń fi bọ̀wọ̀ fágbà.

Agbátẹrù tó ṣèlérí 60 dọ́là tó sì fún ọ ní 40, mo rí i bó ṣe ń gbọn ọwọ́ rẹ bí ẹni tó ṣe ọ́ lóore. Tíṣáàtì mọ́kànlá tí mo bá ọ tà ló gbé epo ọkọ̀. Máa kọ ọ́ sílẹ̀, epo, bàtà, owó títì, kí o sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ de ìgbà owó orí. Má sì fi iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí sílẹ̀ báyìí, torí ìbánigbófò ìlera tó wà níbẹ̀. Bí o bá ṣubú lórí pákó yẹn, kò sí ọ̀gá kankan tó máa sanwó ọsibítù.

O máa ń sọ ti Omos, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Èkó, àti Oba Femi. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni Omos ń gbá ní yunifásítì, Oba Femi ń ju irin ní Alabama, kí WWE, ilé iṣẹ́ ìjàkadì ńlá yẹn, tó gbà wọ́n. Ọ̀nà tìẹ kọ́ nìyẹn. AJ Styles ni kí o wò, tó jà káàkiri dé Japan, tó pé ọmọ ọdún 38 kó tó wọ WWE ní 2016. Ìjà àkọ́kọ́ tí Omos jà, ní WrestleMania, eré ńlá WWE, ní 2021, ẹ̀gbẹ́ Styles yìí náà ló dúró sí. Ọmọ ọdún 26 ni ọ́. Kí ló ń lé ọ?

Ṣadé ní o máa jà ní Delaware ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí ẹ bá parí, bó ti wù kó pẹ́ tó lọ́dọ̀ wa níbí, pè mí. Bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o bi mí.

Èmi ni ìyá rẹ.