Jẹjẹrẹ prostate tó ti wọ egungun: ẹ má wo PSA nìkan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí ìwé ìròyìn bá ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ prostate, ohun méjì ló sábà máa ń sọ: kí ọkùnrin tètè lọ ṣàyẹ̀wò, àti ikú gbajúmọ̀ kan tí àrùn náà pa. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wà láàárín méjèèjì tí ẹnikẹ́ni kì í kọ̀wé sí. Àrùn náà ti wọ egungun wọn kí wọ́n tó mọ̀, kò sì ní tán lára wọn, síbẹ̀ wọ́n ń bá a gbé fún ọdún mẹ́ta, márùn-ún, àwọn mìíràn ju mẹ́wàá lọ. Àwọn ni mo ń kọ̀wé yìí sí, àti àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé.

PSA, èròjà tí prostate ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń wò. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á ní àrùn ti tán, wọ́n á sì dá abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn dúró. Bó bá gòkè, wọ́n á ní oògùn ti kú, wọ́n á tún dá abẹ́rẹ́ kan náà dúró.

Testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, ni oúnjẹ àrùn yìí. Ní 1941 ni Charles Huggins àti Clarence Hodges fi hàn pé bí a bá gé oúnjẹ náà, àrùn tó ti fọ́n ká á rọlẹ̀. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí ní 1966. Orí ìpìlẹ̀ náà ni ìtọ́jú ṣì dúró lé. Ọkùnrin lè gbà kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀, iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo, testosterone á sì wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun kan náà ni abẹ́rẹ́ ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀.

Nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká mú goserelin. Kì í ṣe omi. Kóró tín-ín-rín ni, tí nọ́ọ̀sì ń tì sábẹ́ awọ ikùn nísàlẹ̀ ìdodo, lẹ́yìn tó bá ti fi ìka ká awọ náà jọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ, nítorí náà kí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kọ́kọ́ sọ fún wọn. Mílígíráàmù 3.6 wà fún ọjọ́ 28, 10.8 wà fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọjọ́ 28 kì í ṣe oṣù kan o! Ẹni tó bá ń gbà á ní ọjọ́ kìíní oṣù á gba 12 lọ́dún, nígbà tó jẹ́ pé 13 ló yẹ kó gbà. Láàárín àwọn ọjọ́ tó ń yẹ̀ yẹn ni testosterone ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní ewu tirẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ bíi goserelin àti leuprolide máa ń kọ́kọ́ gbé testosterone sókè fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó wó o lulẹ̀. Bí àrùn bá wà ní eegun ẹ̀yìn, tàbí tó ti ń dí ojú ìtọ̀, ìgbésókè yìí lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún un ní bicalutamide, hóró oògùn tó ń dí testosterone lọ́nà, 50 mílígíráàmù lójúmọ́, kó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ náà tàbí lọ́jọ́ kan náà, kó sì lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ mìíràn, degarelix, kò ní ìṣòro yìí: 240 mílígíráàmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n á pín sójú abẹ́rẹ́ méjì, lẹ́yìn náà 80 lóṣooṣù.

Wàyí o, bí PSA bá gòkè, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: testosterone ńkọ́? Ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ 50 ng/dL, tàbí 1.7 bí láàbù bá fi nmol/L kọ ọ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé abẹ́rẹ́ pẹ́ jù, tàbí kò wọlé dáadáa. Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru oògùn. Bó bá wà nísàlẹ̀ 50, tí PSA sì ń gòkè nínú àyẹ̀wò méjì mẹ́ta tó tẹ̀ léra, nígbà náà ni àrùn ti ń rí ọ̀nà mìíràn gbà. Dókítà á wá fi oògùn mìíràn kún un, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò ní dúró. Àṣìṣe ibi yìí ló ń dùn mí jù.

Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò. Ẹ má ṣe àyẹ̀wò PSA nígbà tí àkóràn bá wà nínú ìtọ̀ tàbí kété lẹ́yìn tí wọ́n ti ki rọ́bà sí ojú ìtọ̀, torí nọ́ńbà á purọ́. Bí PSA bá ti wà nísàlẹ̀ 0.2 ní nǹkan bí oṣù keje, àmì rere ni, kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ sì rántí pé àwọn kókó jẹjẹrẹ kan wà tí kì í tú PSA jáde púpọ̀, nítorí náà ìrora tuntun ju nọ́ńbà tó dára lọ. Àyẹ̀wò egungun náà lè tanni: láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ìtọ́jú, egungun tó ń jinná lè tàn yòò lórí àwòrán bí ẹni pé àrùn ń pọ̀ sí i.

Lóde òní, abẹ́rẹ́ nìkan kì í tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń fi kún un, abiraterone, hóró tó tún ń dín testosterone kù, ló ń fa àṣìṣe jù nílé. Mílígíráàmù 1,000, ìyẹn hóró mẹ́rin oní-250, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nígbà tí inú bá ṣófo: wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kí wákàtí kan sì kọjá kí èèyàn tó tún jẹun. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè sọ ìwọ̀n tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Prednisolone tó ń bá a rìn ni kẹ́ ẹ fi oúnjẹ lò, àwọn èèyàn sì máa ń fi ọ̀nà ìlò ọ̀kan lo èkejì. Láìsí prednisolone, ara á máa di iyọ̀ mú, á máa da potassium nù, ẹ̀jẹ̀ á ru, ẹsẹ̀ á wú. Ẹ má dá a dúró lójijì. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lóṣooṣù. Ní ti docetaxel, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ohun kan péré: bí ara bá gbóná dé 38, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, òru ìbáà jẹ́. Ẹ má fi paracetamol bò ó mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àìsí testosterone fúnra rẹ̀ ń jẹ egungun, ń dín iṣan kù, ń fi ọ̀rá kún ara, ó sì lè fa ìtọ̀ ṣúgà. Gbígbé ohun tó wúwo díẹ̀ ní ìgbà méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ dára ju ìsinmi lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn wà ní eegun ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi onímọ̀ nípa eré ìmárale. Denosumab, abẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo egungun, ní ìwọ̀n méjì tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀: 60 mílígíráàmù ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà fún egungun tó ń fúyẹ́, 120 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin fún egungun tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ nígbà tí àrùn bá ti ń ṣorí kunkun sí abẹ́rẹ́. Ẹ rí dókítà eyín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Eyín tí wọ́n bá yọ lẹ́yìn náà lè fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò, kó má sì jinná. Bí ètè àti orí ìka bá ń ta ṣánṣán, ó lè jẹ́ pé calcium inú ẹ̀jẹ̀ ló lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà wà ńbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n yẹ àbùdá BRCA2 wò, bóyá ó ti bàjẹ́, lára ẹni tí àrùn bá ti fọ́n ká, nítorí pé bó bá ti bàjẹ́, oògùn olaparib lè bá a mu, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì lè ti jogún ewu jẹjẹrẹ ọyàn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ku ìrora ẹ̀yìn, èyí tí ìpara kò kàn. Ìrora tuntun tó yí àyà ká bí ìgbànú, tó ń le sí i bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, bó bá wúkọ́ tàbí tó sín, ó lè jẹ́ pé àrùn ti ń tẹ okùn iṣan ọpọlọ tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo lórí àtẹ̀gùn. Bí ibi tí èèyàn fi ń jókòó bá ti kú, tí ìtọ̀ kò wá mọ́, ó ti ń pẹ́ jù. Àwòrán MRI gbogbo eegun ẹ̀yìn láàárín wákàtí 24 ni, kì í ṣe ibi tó ń dunni nìkan, torí ó lè ju ojú kan lọ. X-ray lè má fi nǹkan kan hàn. Dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú kù, ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un, kí ìtànṣán tàbí iṣẹ́ abẹ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ló sábà máa ń rìn jáde.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ abẹ́rẹ́, PSA, testosterone, ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú ewé kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ èyí ní lẹ́tà ńlá fún dókítà tí kò mọ̀ yín rí, tí yóò pàdé yín ní aago méjì òru: “Jẹjẹrẹ prostate, ó wà ní eegun ẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, MRI lónìí.”

Èmi ni,
Òǹkàwé yín