Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ìṣirò tí yóò ṣe ní kíláàsì 9

Houston, Texas

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń bọ́ sọnù bí a bá fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Mo fẹ́ kí èyí wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá ń kọ nǹkan sí fọ́ọ̀mù yíyan iṣẹ́ tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́.

Algebra 1 ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ti ṣe é ní kíláàsì 8 ń lọ sí Geometry, ó sì ń dùn ọ́ bíi pé wọ́n já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Jẹ́ ká kà á pọ̀. Bí o bá ń ṣe ìṣirò ẹyọ kan lọ́dọọdún, Algebra 1 ní kíláàsì 9, Geometry ní 10, Algebra 2 ní 11, Precalculus ní 12. O ò ní dé Calculus, ìṣirò tí iṣẹ́ ẹnjiníà tí o fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí o tó jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò dé ibẹ̀ ní kíláàsì 12. Ọdún kan péré ló wà láàárín yín. Ibi tí a ó ti rí ọdún yẹn, àti ibi tí a kò gbọdọ̀ ti mú un, ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

A kò gbọdọ̀ mú un lára Algebra 1. O ti gbọ́ pé òfin Texas gba ọmọ láàyè láti ṣe ìdánwò kí ó sì fi gba kírẹ́díìtì iṣẹ́ tí wọn kò tíì kọ́ ọ. Òótọ́ ni. Máàkì 80 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ ní, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì lè gbìyànjú lórí iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba 80 ṣì ní 20 tí kò mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ apá ìparí iṣẹ́ náà ni gbogbo ogún yẹn wà. Geometry kò ní tú u fó, nítorí igun àti ìrísí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Algebra 2 ni yóò tú u fó, láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, nígbà tí olùkọ́ kò ní àyè láti padà sẹ́yìn mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Má sì gbàgbé pé ìdánwò STAAR ti Algebra 1 wà lára ìdánwò márùn-ún tí ìjọba Texas ń béèrè kí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí.

Bí o bá ń rò pé wọ́n fi ọ́ sí ìsàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, dán ara rẹ wò. Fi kalkulétọ̀ sílẹ̀, mú pẹ́ńsùlù, ṣe mẹ́ta yìí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àkọ́kọ́, wá x nínú (3/4)x − 2 = 5/6. Ìkejì, wá ìlà tó gba (−2, 5) àti (4, −7) kọjá. Ìkẹta, fọ́ 6x² − x − 12 sí àkámọ́ méjì. Ìdáhùn wọn ni 34/9, y = −2x + 1, àti (3x + 4)(2x − 3).

Bí àkọ́kọ́ bá dá ọ dúró, ìdá bíi 3/4 àti 5/6 ni kò tíì yé ọ dáadáa. Iṣẹ́ kíláàsì ìsàlẹ̀ nìyẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sì lè tún un ṣe. Bí ìkejì bá yí padà mọ́ ọ lọ́wọ́, wo àmì ìyọkúrò rẹ. Ìkẹta kò yẹ kó bà ọ́ nínú jẹ́, nítorí apá ìparí Algebra 1 gan-an ló wà. Bí o bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ibì kankan, èmi fúnra mi ni yóò kọ̀wé sí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé pé kí wọ́n tún ipò rẹ yẹ̀ wò, a ó sì fi èsì STAAR rẹ ti kíláàsì 7 àti ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ tì í lẹ́yìn. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní ẹ̀rí kì í rìn jìnnà ní ọ́fíìsì wọn.

Àṣìṣe méjì wà tí mo fẹ́ kí o pa ní kíláàsì 9, nítorí wọ́n máa ń bá ọmọ dé Calculus. Nínú 5 − 2(x − 3), ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ 5 − 2x − 6. Àmì ìyọkúrò yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú àkámọ́ bá nǹkan méjèèjì. 5 − 2x + 6 ni, ìyẹn 11 − 2x. Èkejì ni (x + 3)². Kì í ṣe x² + 9. Ohun tó jẹ́ ni x² + 6x + 9, nítorí x pàdé 3 lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí Calculus yé yékéyéké lè pàdánù máàkì lórí irú nǹkan wọ̀nyí, ó sì máa ń rò pé Calculus ló le.

Ó wá ku ibi tí a ó ti mú ọdún náà. Kíláàsì 10 ni mo fẹ́: Geometry àti Algebra 2 papọ̀ lọ́dún kan náà. Ó ṣeé ṣe nítorí pé orí Algebra 1 ni Algebra 2 dúró lé. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ Geometry kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà, Precalculus ní 11, Calculus ní 12. Èrè kan tún wà nínú rẹ̀ tí àwọn òbí púpọ̀ kì í kà. Oṣù kẹwàá kíláàsì 11 ni PSAT, ìdánwò ìgbáradì fún SAT tí wọ́n fi ń yan àwọn ọmọ fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ National Merit, Algebra 2 yóò sì ti wà lẹ́yìn rẹ nígbà yẹn. Nínú SAT fúnra rẹ̀, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ìbéèrè 44 ló wà nínú ìṣirò fún ìṣẹ́jú 70, bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá wọn ló sì jẹ́ algebra àti ohun tó ga ju ú lọ díẹ̀.

Ohun tí yóò ná wa ni pé àyè iṣẹ́ àṣàyàn kan yóò lọ, iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò yóò sì di méjì lálaalẹ́. Nítorí náà mo ní àdéhùn kan: bí máàkì Algebra 1 rẹ kò bá tó 90 ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, a kò ní ṣe é. Geometry nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ọ̀nà kejì, àmọ́ kò wù mí tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ odindi ọdún ni wọ́n ń rọ́ sínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjọ́ kan tí o bá ṣàìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan, kíkọ ẹ̀rí ní ẹsẹẹsẹ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gé kúrò. Fífo Precalculus kọjá ni kí o má tilẹ̀ dá lábàá. Ibẹ̀ ni sine, cosine àti logarithm ti ń di ohun tí ọwọ́ mọ̀.

Ẹnìkan yóò sọ fún ọ lọ́jọ́ kan pé èèyàn lè parí ilé-ìwé girama ní Texas láìṣe Algebra 2. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń ti ilẹ̀kùn. Òfin 1997 ló ń fún àwọn tó wà lára mẹ́wàá òkè nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì wọn ní àyè sí yunifásítì ìjọba láìjà. Ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin (UT Austin), márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni láti ọdún 2026. Ọmọ tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní yẹn ní ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní ipò tí wọ́n ń pè ní Distinguished Level of Achievement, kírẹ́díìtì ìṣirò mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀, tí Algebra 2 jẹ́ ọ̀kan. Máàkì rẹ lè ga bí òkè Ìdànrè, àìsí Algebra 2 yóò sọ ọ́ di òfo.

Oríṣi Calculus méjì ló wà lábẹ́ AP, ìyẹn iṣẹ́ ìpele yunifásítì tí a ń ṣe ní ilé-ìwé girama, AB àti BC: gbogbo ohun tó wà nínú AB ló wà nínú BC, pẹ̀lú àwọn orí bíi series, polar àti parametric. AB ti tó fún ọ. Nínú ìbéèrè àṣàyàn 45 tó wà nínú ìdánwò rẹ̀, 30 kò gba kalkulétọ̀. Nínú mẹ́fà tí o máa kọ ní kíkún, mẹ́rin kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ láti ìsinsìnyí. AP Statistics dára gan-an fún ẹni tó ń lọ sí nọ́ọ̀sì tàbí ìmọ̀ àwùjọ, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò Calculus fún iṣẹ́ ẹnjiníà tí o sọ pé o fẹ́.

Bákan náà ni College Algebra, MATH 1314, tí wọ́n ń fún ọmọ ilé-ìwé girama láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kírẹ́díìtì rẹ̀ ń tẹ̀ lé èèyàn lọ sí yunifásítì ìjọba, ṣùgbọ́n Calculus ni ìṣirò ẹnjiníà ti ń bẹ̀rẹ̀. Máàkì búburú níbẹ̀ sì máa ń dúró sínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ.

Bí ètò yìí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, tí o parí ní Precalculus, ọmọ ẹnjiníà tó bẹ̀rẹ̀ Calculus I ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ní yunifásítì kò pẹ́ rárá. Èyí tó ń pẹ́ ni ẹni tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ ńláńlá, tí ìdánwò ìpínsípò wá dá padà sí College Algebra.

Nígbà tí o bá lọ rí olùdámọ̀ràn lọ́jọ́bọ̀, bi í ní mẹ́ta, kí o sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: ṣé ilé-ìwé gbà kí ọmọ kíláàsì 10 ṣe Geometry àti Algebra 2 pọ̀, ọjọ́ wo ni ọjọ́ ìkẹyìn láti kúrò nínú iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó wọ ìwé, báwo ni máàkì Algebra 1 ti Honors, ìpele tó le díẹ̀ sí i, ṣe ń wọn nínú ipò kíláàsì, nítorí agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀. Fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láìfọwọ́ sí i títí o fi padà wálé. Ìwé onígun mẹ́rin kéékèèké àti pẹ́ńsùlù wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe.

Èmi ni,
Màmá rẹ